Èló ni lọ́yà ń gbà? Ọ̀rọ̀ láti ẹnu géètì Odógúnyán

1/
Ẹ gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ lọ́yà, àti ìdí tí ọ́fíìsì ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń dá páro nígbà tí àwa tá a nílò wọn pọ̀ lọ súà. Kí ẹnikẹ́ni tó bú mi: mi ò kì í ṣe lọ́yà o. Fídíò àti ọ̀rọ̀ kíkọ ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n owó ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

2/
Tẹ́ ẹ bá mọ Ìkòròdú, ẹ mọ Odógúnyán, lójú ọ̀nà Ṣágámù. Ibẹ̀ ni ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1970 wà. Wọ́n ń yọ́ irin níbì kan, wọ́n ń ran òwú níbòmíì. Tó bá di aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ẹ máa rí èrò níwájú àwọn géètì: òṣìṣẹ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá, tírélà, àti àwọn ìyá tó ń sọ kúlà oúnjẹ kalẹ̀. Màámi wà lára àwọn ìyá yẹn.

3/
Màámi kò ní ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ìrẹsì, ẹ̀wà, àmàlà, ẹran, ó parí. Lọ́dún tó kọjá, máníjà kan ní ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ (mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má wulẹ̀ béèrè) ní kó máa gbé abọ́ oúnjẹ 45 wá lójúmọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Abọ́ kan ₦1,200, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀: ₦270,000 lọ́sẹ̀ kan. Wọ́n láwọn á máa san án lóṣooṣù.

Inú wa dùn gan-an. Àgírímẹ́ǹtì ńkọ́? Kò sí. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀" ni àgírímẹ́ǹtì tó wà níbẹ̀.

4/
Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, owó ń wọlé. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé máníjà yẹn lọ sí ibòmíì. Ẹni tuntun dé, ó lóun ò mọ ìyá kankan. Lójú ẹ̀, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti di gbèsè: ₦1,350,000.

Ẹ má rò pé owó Màámi nìkan ni o. Owó ìyá oníràìsì ní Sábó wà nínú ẹ̀. Owó alápatà wà nínú ẹ̀. Owó àjọ tó kó wà nínú ẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ ni ẹnì kan ń pè é, tí òun náà ń pe akántà ilé-iṣẹ́ náà, tí akántà ń sọ pé "Màmá, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì."

5/
Mo ní ká wá lọ́yà. Ohun àkọ́kọ́ tí Màámi sọ ni èyí tí gbogbo yín ti mọ̀: "A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́." Ó ṣì fẹ́ kí wọ́n padà máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ òun.

Ohun kejì tó sọ ló gbé mi dè: "Èló ni wọ́n tiẹ̀ ń gbà?"

Mi ò mọ̀. Èmi tí mo kàwé gboyè. Mo mọ iye tí fídíò ìṣẹ́jú kan ń lọ fún. Mo mọ iye tí iPhone jẹ́ láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n iye tí lọ́yà ń gbà láti kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà, ẹ dáhùn lọ́kàn yín: ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?

6/
Lọ́yà àkọ́kọ́ tá a lọ bá ní ká mú ₦400,000 wá kóun tó ṣí fáìlì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ẹjọ́ lè gba ọdún méjì, pé àìmọye ìgbà lòun máa lọ sí kóòtù, pé owó ìwé wà, owó ọkọ̀ wà. Gbogbo ẹ̀ yé mi.

Àmọ́ ẹni tó ń wá ₦1,350,000, níbo ló ti fẹ́ rí ₦400,000? A dúpẹ́, a sọ̀kalẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́, Màámi ò sọ̀rọ̀ kankan títí a fi dé Àgríkì.

7/
Ó wá di ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé fóònù àti kọ̀ǹpútà ló ń gba oúnjẹ lẹ́nu lọ́yà. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò pé. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn iṣẹ́ tó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

8/
Ìforúkọsílẹ̀ kọ́ńpìnì. Lábẹ́ òfin CAMA ti 1990, tó o bá fẹ́ dá kọ́ńpìnì sílẹ̀, lọ́yà gbọ́dọ̀ búra sínú ìwé pé gbogbo ohun tí òfin béèrè ti pé. Owó gidi ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Nígbà tó di 7 oṣù kẹjọ 2020, Buhari fọwọ́ sí CAMA tuntun. Òfin yìí gba ẹnì kan ṣoṣo láàyè láti dá kọ́ńpìnì tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ lè fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà fúnra ẹ̀.

Èmi, orí fóònù ni mo ti fi orúkọ òwò mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, mo ń jẹ gúgúrú.

9/
Àgírímẹ́ǹtì ilé. Ẹni tó bá ti gba ilé rí ní Èkó mọ orin yẹn: owó ilé, àgírímẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀n, kọ́ṣọ̀n. Iṣẹ́ lọ́yà ló yẹ kí "àgírímẹ́ǹtì" yẹn jẹ́. Èyí tí mo fọwọ́ sí nígbà tí mo gba yàrá kan ní Ògólóńtó, ejẹ́ńtì ló lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà. Wọ́n gbàgbé láti yọ orúkọ ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú mi kúrò lójú ewé kejì.

Mo san owó lọ́yà, mi ò rí lọ́yà kankan.

10/
ChatGPT ńkọ́? Èmi náà jẹ̀bi. Oníbàárà kan fẹ́ kí n ṣe fídíò ọjà fóun, mo ní kí ChatGPT bá wa kọ àgírímẹ́ǹtì. Ó kọ ọ́, ó dùn ún kà bíi ti ilé-ìfowópamọ́. Ìgbà tí mo kà á dé ìsàlẹ̀ ni mo rí i pé bí ìjà bá dé, kóòtù Delaware ní Amẹ́ríkà ni èmi àti alágbo máa lọ pàdé. Èmi tí mi ò tíì lọ ju Kútọnu lọ.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ló ń gbá mú. Ní oṣù kẹfà 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn $5,000 lé àwọn lọ́yà kan lórí nínú ẹjọ́ Mata v. Avianca. Wọ́n tọ́ka sí àwọn ẹjọ́ tí ChatGPT kàn hun láti orí ara ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ro irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

11/
Ẹ má sì rò pé òní ni àwọn tí kì í ṣe lọ́yà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn pín ọjà. Òfin ilé ẹjọ́ tó jáde ní Èkó ní 1876 gba àwọn tó kàn mọ̀wé díẹ̀, tí wọ́n sì mọ òfin díẹ̀, láàyè láti máa bá ènìyàn rojọ́, torí pé lọ́yà ò tó. Ọdún 1888 ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, forúkọ sílẹ̀ níbí gẹ́gẹ́ bíi lọ́yà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Wọ́n ti jọ ń ná ọjà kan náà látìgbà yẹn.

12/
Kí wá ni lọ́yà ní tí fóònù ò ní? Mo mọ ọmọbìnrin méjì, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, tí wọ́n jọ ń ṣe ọṣẹ olómi tà fáwọn òṣìṣẹ́ Odógúnyán. Wọ́n fi kọ́ńpìnì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdajì fún ẹnì kan, ìdajì fún ẹnì kejì. Íntánẹ́ẹ̀tì bi wọ́n ní àdírẹ́sì, ó bi wọ́n ní nọ́ńbà NIN. Kò bi wọ́n pé, "Tẹ́ ẹ bá jà ńkọ́? Ta ló máa mú ẹ̀rọ? Ta ló máa mú àwọn oníbàárà?"

Wọ́n ti jà. Ẹ̀rọ náà ń jẹ eruku nílé ẹnì kan, oníbàárà wà lórí fóònù ẹnì kejì. Ìbéèrè yẹn ni lọ́yà ń tà. Ọjọ́ tí ẹ ṣì ń ya fọ́tò pa pọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ rà á.

13/
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn lọ́yà náà, kí wọ́n má bàa ní mo ń ṣojúsàájú. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ṣe sẹ́kọ́ńdírì ti di lọ́yà. Ọdún márùn-ún ní yunifásítì, ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà lẹ́yìn ẹ̀, gbogbo owó yẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà kan. Owó oṣù ẹ̀ ò kọjá owó ọkọ̀ àti owó ìlọṣọ. Àwọn kan tí wọ́n jọ jáde ti di "charge and bail", wọ́n ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ kóòtù láti rí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba béèlì fún.

14/
Ó ní, "Ìwọ lè polówó ara ẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Èmi ò lè ṣe é." Òótọ́ ni. Òfin ìwà iṣẹ́ wọn gbà wọ́n láàyè láti polówó níwọ̀nba, àmọ́ lọ́yà ò gbọdọ̀ fi ara ẹ̀ wé lọ́yà mìíràn, kò sì gbọdọ̀ máa ka iye ẹjọ́ tó ti jàre fún aráyé. Kò lè gbé owó fún ẹni tó máa bá a fa oníbàárà wá. Kò lè bá ẹni tí kì í ṣe lọ́yà da òwò òfin pọ̀. Ìlú Ọba ti yí tiwọn padà láti 2007 kí ẹlòmíì lè fowó sí i, Arizona ní Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní 2020. Níbí, ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà ní títì.

15/
Lórí owó, òfin wà. Èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lórí ìwé ilẹ̀ àti ilé jáde ní 1991. Ọdún 32 ló lò kí ìjọba tó gbé tuntun jáde ní 2023, èyí tó fẹ̀ dé orí iṣẹ́ mìíràn. Ìyẹn ni pé ìwé kan wà níbì kan tó sọ iye tí lọ́yà yẹ kó gbà.

Ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì ò tíì rí ìwé yẹn. Èmi náà ò mọ̀ pé ó wà títí ọ̀rẹ́ mi fi sọ fún mi.

16/
Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: ìṣòro tó tóbi jù nínú òwò lọ́yà lọ́dọ̀ wa ni pé oníbàárà ò mọ iye owó ọjà. Ẹni tí ò bá mọ iye owó ọjà á máa fojú inú wò ó. Ohun tá a sì ń fojú inú wò máa ń wọ́n ju bó ṣe wà lọ. Nítorí náà, a ò ní lọ títí iná á fi dórí òrùlé. Tó bá wá ti dórí òrùlé, iṣẹ́ á ti le, lọ́yà á pe owó ńlá, a ó lọ ròyìn fún ará àdúgbò pé "lọ́yà wọ́n". Bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún.

17/
Báwo ni ti Màámi ṣe parí? Ọ̀rẹ́ mi ní ká lọ bá bàrísítà obìnrin kan lókè ilé oògùn kan nítòsí Bẹ́nsọ̀n. Lórí tábìlì ẹ̀, pépà kan wà tó fi ráḅà bò. Lẹ́tà ìbéèrè gbèsè, ₦30,000. Kíka àgírímẹ́ǹtì tí kò ju ewé márùn-ún lọ, ₦15,000. Kíkọ àgírímẹ́ǹtì òwò kékeré, ₦20,000. Ẹjọ́ ní kóòtù, "ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀."

Màámi kà á, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló fa àga, ó jókòó. Ní ọ́fíìsì àkọ́kọ́, orí ìdúró ló wà títí a fi jáde.

18/
Bàrísítà ní, "Màmá, ṣé ẹ ní ohunkóhun tí wọ́n fọwọ́ sí?" Màámi mú ìwé ọmọ iléèwé kan jáde nínú báàgì. Gbogbo ọjọ́ tó gbé oúnjẹ lọ, ẹni tó gbà á wọlé fọwọ́ sí i: déètì, iye abọ́, orúkọ. Èmi ọmọ ẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀. Bàrísítà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, mà."

Ó ní kí n má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp àwọn akántà rẹ́ náà. Òfin ẹ̀rí ti 2011, abala 84, gba ohun tó bá ti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà jáde, bí ìwé ẹ̀rí tó yẹ bá tẹ̀ lé e.

19/
Ó wá sọ ohun tó yẹ kí gbogbo ọmọ Èkó mọ̀. Láti oṣù kẹrin 2018, Èkó ti ní Small Claims Court lọ́dọ̀ àwọn májísíréètì. Gbèsè tí iye ẹ̀ dájú, tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ, ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Kó o tó lọ, o gbọ́dọ̀ ti fi lẹ́tà ìbéèrè gbèsè ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù ẹ̀ wà. O lè dá rojọ́ fúnra ẹ láìgba lọ́yà. Ìlànà wọn ni kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60.

Tí o ò bá fẹ́ kóòtù rárá, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó wà láti 1999. Wọ́n á pè yín jókòó, wọ́n á bá yín parí ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

20/
A san ₦30,000. Lẹ́tà lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án, akántà ló pe Màámi fúnra ẹ̀. Wọ́n ti san ₦1,000,000, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pín in sí. Ó ku ₦350,000, fọ́ọ̀mù kóòtù sì ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Mi ò ní tàn yín o. Òwe Màámi ṣẹ. Wọn ò ra oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, ẹlòmíì ló ń gbé kúlà wọ géètì yẹn báyìí. Ọjọ́ mélòó kan ló fi dákẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n ìyá oníràìsì ti gba owó ẹ̀, alápatà ti gbà, orúkọ Màámi sì ti padà mọ́ nínú ẹgbẹ́ alájọ.

21/
Mo ti mọ ohun tí ẹ̀yin lọ́yà máa sọ: "Iṣẹ́ òfin kì í ṣe àkàrà, ẹjọ́ kan yàtọ̀ sí èkejì." Mo gbà fún ẹjọ́. Dókítà náà ò lè sọ iye iṣẹ́ abẹ kó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n a mọ iye káàdì ọsibítù, a mọ iye àyẹ̀wò ibà. Lẹ́tà ewé kan, kíka àgírímẹ́ǹtì ewé mẹ́rin, ìwọ̀nyí ni àyẹ̀wò ibà yín.

Ẹlòmíì á ní owó pọ́ọ́kú á ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣé mo ní kẹ́ ẹ gba pọ́ọ́kú? Ẹ gba ohun tí òfin yín ní kẹ́ ẹ gbà. Ẹ ṣáà jẹ́ ká mọ̀ ọ́n ká tó gun àtẹ̀gùn yín.

22/
Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin lọ́yà, pàápàá ẹ̀yin NBA Ìkòròdú.

Ẹ kọ iye owó àwọn iṣẹ́ kéékèèké yín sílẹ̀. Bí òfin ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e sórí Instagram, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá wọlé rí i.

Ẹ kọ àgírímẹ́ǹtì tí ìyá mi lè kà. Yorùbá kì í ba òfin jẹ́.

Ẹ wá bá wa níbi tá a wà. Tí ogún olóúnjẹ bá dá ₦2,000 lóṣù, ₦40,000 nìyẹn, fún lọ́yà kan tó máa jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan lóṣù. A mọ bí wọ́n ṣe ń dá àjọ. Ẹ wá di ara àjọ wa.

23/
Àwa náà ní tiwa. Tí ẹnikẹ́ni bá kọ ìwé fún ẹ tó lóun ni lọ́yà, wo ìsàlẹ̀ ẹ̀: láti 2015, lọ́yà gbọ́dọ̀ lẹ sítáǹbù NBA tirẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀ wà lára ẹ̀. Tó o bá san owó àgírímẹ́ǹtì ilé, béèrè lọ́yà tó kọ ọ́. Lo ChatGPT tó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ní ₦15,000 kó bá ẹ kà á, kó má di pé o ń lọ Delaware.

Kó o sì máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ìwé ọmọ iléèwé tó gba Màámi là ò ju ọgọ́rùn-ún náírà mélòó kan lọ.

24/
Màámi ti rí oníbàárà tuntun, ilé-iṣẹ́ kékeré kan, abọ́ 20 lójúmọ́. Kó tó gbé abọ́ àkọ́kọ́ lọ, ó ní kí bàrísítà kọ ìwé ewé kan: iye abọ́, iye owó, ọjọ́ ìsanwó, ẹni tó ń fọwọ́ sí i, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí owó bá pẹ́. Máníjà ibẹ̀ kà á, ó ní, "Màmá, ẹ ò fọkàn tán wa ni?" Màámi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo fọkàn tán yín, sà. Ẹni tó máa rọ́pò yín ni mi ò tíì mọ̀."

Ó fọwọ́ sí i.

25/
Ó tán. Ẹ bá mi pín in dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ń ta ọjà àwìn fún ilé-iṣẹ́. Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀: èló lẹ san fún lọ́yà rí, iṣẹ́ wo sì ni? Ẹ̀yin lọ́yà, èló lẹ ń gba lẹ́tà kan? Ẹ kọ ọ́. Màámi á kà á kó tó lọ lọ́la, aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ń dé géètì.